Kírẹ́díìtì kádì tí mo gbà: ọdún kan gbáko tí mo fi ń san mínímọ̀ọ̀mù nìkan

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà nílùú Iléṣà. Wàhálà iná ló jẹ́ kí n gba kádì yìí lọ́wọ́ báǹkì mi, owó báǹkì lèèyàn ń fi ná, á wá san án padà tó bá yá, mo fi ra sólà àti bátìrì, 400,000 náírà. Ká sòótọ́, inú mi dùn gan-an, máṣíìnì ń lọ wìrìwìrì, mi ò to fún bẹntiróòlù mọ́.

Oṣù parí, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: gbèsè 400,000, mínímọ̀ọ̀mù, ìyẹn iye tó kéré jù tí mo gbọ́dọ̀ san lóṣù yẹn, 20,000. 20,000 yẹn ni ojú mi rí. Mo san án. Oṣù kejì ó di 19,600, mo ní áà ó ti ń fúyẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń san án lọ fún oṣù 12, mi ò yẹ ọjọ́ rí, mi ò sì fi kádì yẹn ra nǹkan kan mọ́.

Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí la kọ ọ́ sí, lábẹ́ ìwọ̀n bùbá ìyá kan. Mo ti san 215,000 àti díẹ̀, gbèsè ṣì ku nǹkan bíi 313,900! Mo ní kó tún un ṣe, iye kan náà ló jáde.

Èlé wọn jẹ́ 3% lóṣù, mínímọ̀ọ̀mù jẹ́ 5% gbèsè tó bá wà nílẹ̀. Nínú 20,000 àkọ́kọ́ yẹn, èlé gbé 12,000 lọ, 8,000 péré ló bọ́ sórí gbèsè. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí gbèsè ṣe ń dín ni mínímọ̀ọ̀mù náà ń dín, mo pè é ní ìrọ̀rùn, àṣé òun gan-an ló ń fa ọjọ́ gùn. Ká ní mo dúró lórí 20,000 láìdín in, oṣù 31 ni ǹ bá fi san tán pátápátá. Mínímọ̀ọ̀mù wọn, oṣù 35 kí gbèsè tó dé ìdajì.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2009 ní kí báǹkì kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè ìgbà tó máa gbà ẹ́ bó o bá ń san mínímọ̀ọ̀mù nìkan. Kò sí nínú tèmi.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, ó ń ta aṣọ láwìn, bọ́jọ́ owó bá pé á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni, kò ní dìde àfi bó bá gbowó ẹ̀. Ó ń dójú tini o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbèsè tán. Báǹkì yìí ò lóṣòó tì mí rí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ fún mi pé díẹ̀ ti tó.

Ẹni tó bá lè san gbogbo ẹ̀ kọ́jọ́ tó pé, kádì náà dáa, kò ní sí èlé. Ẹ má fi gba kéèṣì ní ATM ṣá, ọjọ́ yẹn gan-an lèlé tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Máàkì 2 nínú 5 ni mo fún un.

Oṣù 6 rèé tí mo ti ń san 40,000, ó ku 116,000. Owó aṣọ ẹbí tí mo gbà lánàá, mo ti yọ tiwọn sọ́tọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.