Highlander àbí Pilot? Ìfiwéra jíìpù ìdílé méjì fún ẹni tó fẹ́ ra àlòkù

Ẹni tó bá ń wá jíìpù àlòkù tí yóò gba gbogbo ilé yóò máa gbọ́ orúkọ méjì léraléra: Toyota Highlander ìran kejì, ti ọdún 2008 sí 2013, àti Honda Pilot ìran kejì, ti 2009 sí 2015. Lójú ìwé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ní ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) lítà 3.5, gíá ọ́tò onípele 5, ìlà ìjókòó mẹ́ta, wọ́n sì ga kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Kódà, táyà kan náà ló wà lẹ́sẹ̀ Pilot àti Highlander tí kì í ṣe olówó ńlá: 245/65R17.

Ọ̀nà tí kálukú ń gbà jẹ owó ni kò jọra. Pilot dà bíi onílé: ó ní ìgbà tó ń gba owó rẹ̀, kò sì gbọ́ àwáwí. Highlander lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìbéèrè nǹkan kan ju ọ́ìlì àti bíréèkì lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá lanu, ibi tí ọwọ́ kò tó ni ohun tó bàjẹ́ máa ń wà, owó iṣẹ́ á sì ju owó ẹ̀yà ọkọ̀ náà lọ.

Ìjókòó àti búùtù

Ẹ ti ibí bẹ̀rẹ̀, nítorí mẹ́káníìkì kankan kò lè tún un ṣe fún yín tí ẹ bá ti sanwó tán. Ènìyàn mẹ́jọ ni Pilot ń gbà, mẹ́ta nínú wọn níbi ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Highlander ń gba méje, méjì péré ló sì wà lẹ́yìn. Àgbàlagbà lè jókòó síbẹ̀ dé ọjà kó sì padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn àjò wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tí ìjókòó ẹ̀yìn bá wà ní ìdúró, búùtù Pilot jẹ́ lítà 510, ti Highlander jẹ́ 292. Lójú ayé, ìyẹn ni pé báàgì ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin àti kúlà kan á wọ ti Pilot pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nínú Highlander, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ kò ní lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ yín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ náà. Ẹni tó ń tà á lè máa wò yín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun kan wà tí Highlander fi ju Pilot lọ níbí. Ìjókòó kékeré tó wà láàárín ìlà kejì ṣeé yọ, ó sì ní ihò tirẹ̀ lábẹ́ àpótí tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì tí ẹ lè tì í bọ̀. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, ọmọ lè gba àárín kọjá sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú ìjókòó ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀. Ilé tó ní ọmọ ọwọ́ méjì mọ ohun tí èyí tó. Ẹ rí i dájú pé ìjókòó náà ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù. Bákan náà, títí di 2010, odidi kan ni ìjókòó ẹ̀yìn Highlander, ẹ ò lè ká ìdajì kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀ fún ẹrù. Láti 2011 ni wọ́n ti pín in sí méjì.

Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń gbé ju ènìyàn márùn-ún lọ, Pilot ni kí ẹ wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kà á lọ.

Bẹ́líìtì àti ṣéènì

Ṣéènì ló ń yí òkè ẹ́ńjìnnì Highlander (2GR-FE ni orúkọ ẹ́ńjìnnì náà). Kò ní ọjọ́ tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Bẹ́líìtì ni ti Pilot, àkókò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 169,000 kìlómítà, tàbí ọdún méje, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Níbi tí ooru bá ń kọjá 43°C déédéé, 97,000 kìlómítà ni Honda sọ. Tí bẹ́líìtì yìí bá já lórí ìrìn, písítìnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì náà á sì di èyí tí a ń kó sínú àpótí.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi bẹ́líìtì nìkan sí i. Iṣẹ́ tó pé ni bẹ́líìtì, afàbẹ́líìtì olóìlì (èyí tó ń fa bẹ́líìtì le), kẹ̀kẹ́ kékeré méjì tí bẹ́líìtì ń gbà lórí, àti pọ́ǹpù omi, nítorí bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí pọ́ǹpù. Afàbẹ́líìtì ló máa ń kọ́kọ́ kú: ọ́ìlì inú rẹ̀ á jò, ẹ óò sì gbọ́ ariwo gbà-gbà-gbà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti tú ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n sì wọn àlàfo fáàfù pẹ̀lú: mílímítà 0.20 sí 0.24 níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.28 sí 0.32 níbi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ́ńjìnnì tútù ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fáàfù Highlander ń tún ara rẹ̀ ṣe, kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ibi tí Pilot ti gbẹ̀san ni pọ́ọ̀gì. Ọwọ́ tó mẹ́ta ẹ̀yìn pẹ̀lú sípánà gígùn. Ti Highlander, àfi kí wọ́n tú ilé afẹ́fẹ́ tó wà lórí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó rí mẹ́ta ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Highlander àlòkù fi ní pọ́ọ̀gì tuntun mẹ́ta níwájú àti mẹ́ta tí wọ́n bá jáde ilé iṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹ béèrè.

Ohun tó ń yọ Pilot lẹ́nu: ẹ́ńjìnnì tó ń pa sílíńdà

Kí epo má bàa tán kíákíá, Honda ṣe é kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa pa sílíńdà méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá fúyẹ́ lórí pédáàlì. Iná ECO á tàn níwájú yín. Orúkọ ètò náà ni VCM. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ríìngì písítìnì àwọn sílíńdà tí wọ́n ń pa náà máa ń há, ọ́ìlì á máa gòkè, á bo pọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Kóòdù tó máa ń jáde lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni P0301 sí P0304, ìyẹn sílíńdà 1 sí 4. Ẹ kíyèsí i pé 5 àti 6 kì í sí níbẹ̀: àwọn yẹn ni VCM kì í pa rárá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, Honda sì fa àkókò àtìlẹ́yìn gùn fún Pilot 2009 sí 2013 lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì, ẹ rọ ọ́ dé àmì òkè, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn 1,000 kìlómítà. Lítà 4.3 péré ni ọ́ìlì Pilot pẹ̀lú fíltà, nítorí náà kò ní àjẹsẹ́yìn púpọ̀: ẹni tó ń dúró de iná ọ́ìlì kó tó rọ sí i ti pẹ́ jù. Ti Highlander jẹ́ lítà 6.1, ó sì ṣeé ṣe kó forí jì yín díẹ̀.

Ohun kejì tí VCM ń fà ni gbígbọ̀n. Síìtì ẹ́ńjìnnì iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ọ́ìlì àti wáyà nínú, wọ́n ń gbọ̀n lódì sí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kó lè pa á. Tí wọ́n bá kú, tí ẹnì kan sì fi rọ́bà lásán rọ́pò wọn, inú ọkọ̀ á máa gbọ̀n gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ní gbogbo ìgbà tí iná ECO bá tàn. Àwọn kan máa ń so rẹsísítọ̀ kékeré (ohun tó ń dín iná inú wáyà kù) mọ́ wáyà tó ń sọ bí omi ṣe gbóná sí, kí kọ̀ǹpútà lè rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, kó má sì pa sílíńdà kankan. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní tú ríìngì tó ti há.

Sítíárì Pilot ń lo ọ́ìlì. Tó bá ń kígbe nígbà tí ẹ bá ń yí i láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta pọ́ǹpù tuntun fún yín lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ rọ́bà roboto kékeré tó wà níbi tí ọ́ìlì ń gbà wọ pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Iná ló ń ran sítíárì Highlander lọ́wọ́, kò ní ọ́ìlì kankan.

Ohun tó ń jò lára Highlander

Ohun mẹ́ta ni, àkọ́kọ́ ló sì lè pa ẹ́ńjìnnì. Páìpù kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè ẹ́ńjìnnì ní apá ọ̀tún ọkọ̀, níhà ẹ̀yìn. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, rọ́bà ló wà láàárín páìpù náà. Rọ́bà yẹn máa ń bẹ́ láìsí ìkìlọ̀, ọ́ìlì á dà tán lórí ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á sì gan. Toyota ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Tí ẹ bá rí rọ́bà dúdú láàárín irin méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rin ìrìn àjò kankan.

Ìkejì ni pọ́ǹpù omi. Omi rédíétọ̀ Toyota jẹ́ àwọ̀ píǹkì, tó bá sì ń jò díẹ̀díẹ̀, kì í kán sílẹ̀. Ó máa ń gbẹ, á fi èèpá funfun tó pọ́n díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì ìta. Kí wọ́n tú ike tó wà lẹ́yìn táyà iwájú ọ̀tún, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i dáadáa. Ìkẹta ni ọ́ìlì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí ṣéènì rìn. Tí kò bá tíì kán sílẹ̀, ẹ nù ún kí ẹ máa wò ó. Títún un ṣe tán pátápátá jẹ́ iṣẹ́ ńlá.

Tí ẹ bá gbọ́ ariwo bí ẹni mi òkúta nínú agolo fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré nígbà tí ẹ ṣáná sí i ní tútù, jíà orí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ni. Kì í dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ fi dú owó náà.

Fíltà ọ́ìlì Highlander kì í ṣe agolo tí a ń yí sọnù bíi ti Pilot. Ìwé lásán ló wà nínú ilé oníìdérí. Ẹni tí kò ní sípánà rẹ̀ máa ń fi ohun ìfàyọ gún ìdérí yẹn. Nm 25 (ìwọ̀n agbára ìdè) ni wọ́n kọ sí i lára pé kí a fi dè é, rọ́bà roboto rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i.

Gíá, epo, ẹsẹ̀

Ọ́ìlì gíá Pilot ni DW-1, ti Highlander ni WS. Wọn kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Tí Pilot bá ń gbọ̀n bí ẹni ń gun orí ìlà tó ga nígbà tí ẹ bá rọra ń sáré, ọ́ìlì gíá tó ti jó ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nǹkan bíi lítà mẹ́ta ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kù wà nínú gíá. Nítorí náà, ẹ tú u, ẹ rọ tuntun, ẹ wa ọkọ̀ kó gba gbogbo gíá, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́.

Epo kò yà wọ́n púpọ̀. Èyí tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan wọ́ ní 2009, ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fi Highlander V6 sí nǹkan bíi lítà 11.8 fún 100 kìlómítà, ó fi Pilot sí 12.4. Láti 2012, Pilot rí i dín kù dé bíi 11.2. Highlander onísílíńdà mẹ́rin lítà 2.7 tún wà, epo tó ń jẹ kéré sí èyí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó ènìyàn méje sínú rẹ̀, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń kérora lórí òkè.

Táyà wọn bára mu, ríìmù wọn kò bára mu: ihò nọ́ọ̀tì Highlander jẹ́ 5x114.3, ti Pilot 5x120. Ẹ sá fún Highlander tó wọ ríìmù 19 tí ọ̀nà yín bá burú. Táyà rẹ̀ tinrin, gọ́tà kan ló máa tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìwò

Ẹ sọ fún olùtà pé kó má ṣáná sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ó ń fi nǹkan pa mọ́, ẹ dúró kó tutù. Ẹ ṣáná sí i, ẹ gbọ́ ariwo ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì. Ẹ wo àwọ̀ omi: píǹkì ni ti Toyota, búlúù ni ti Honda, omi lásán sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ń rọ ọ́ torí ó ń jò.

Ẹ ka nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀). Pilot á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5FN, láti Alabama. Highlander tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J wá láti Japan, 5TD láti Indiana. Fún èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi VIN náà wò ó lórí ìkànnì NHTSA (àjọ ààbò ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà) bóyá àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan ṣì kù. Bálúùnù ààbò tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wà lára àtúnṣe ọ̀fẹ́ Pilot yìí, ẹ má sì gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀ títí wọn óò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ́líìtì Pilot. Ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́, kìlómítà àti orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí ni ìwé. “Wọ́n ti ṣe é” kì í ṣe ìwé. Tí kò bá sí, ẹ ka bẹ́líìtì náà sí èyí tí kò tíì ṣe, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà lódindi kúrò nínú iye tí olùtà pè, kí ẹ tó fi iye tó kù wé ti Highlander.