Abhimaan (1973): ọkọ ló ní kó kọrin, ọkọ náà ló tún pa orin mọ́ ọn lẹ́nu

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, inú bí mi nígbà tí fíìmù yìí parí, síbẹ̀ mo ṣì máa ní kẹ́ ẹ lọ wò ó. Abhimaan ni, fíìmù Índíà lédè Híńdì tí Hrishikesh Mukherjee darí, Amitabh Bachchan àti Jaya Bhaduri ló ṣe tọkọtìyàwó inú ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ìtàn ọkọ tó ń jowú ìyàwó ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni, owú wà ńbẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ohun tó ká mi lára jù ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó jókòó ti obìnrin yẹn kó bi í pé ìwọ gan-an, kí lo fẹ́?

Bó ṣe lọ rèé. Subir jẹ́ olórin tó lókìkí ní Bombay, ìyẹn Mumbai ìsinsìnyí, àwọn ọmọge ò jẹ́ kó sinmi, rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ń tà wàrà. Ó lọ sábúlé lọ kí ìyá àgbà kan nínú ẹbí (Durga Khote ló ṣe ìyá yẹn, ìyá náà dùn ún wò), ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Uma, orin ìsìn ló ń kọ ní tiẹ̀, kì í kọ ọ́ fún owó, kì í kọ ọ́ fún èrò ìwòran. Bọ̀bọ́ wa gbọ́ ohùn, ó rí ojú, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e lọ Bombay. Títí dé ibí yìí gbogbo ẹ̀ ṣì ń dùn.

Wọ́n wá ṣe àríyá láti fi ìyàwó han àwọn èèyàn. Subir ní kí Uma bá òun kọrin lójú gbogbo àlejò, Uma ń tijú, ó ń fà sẹ́yìn, ọkọ ò gbà, wọ́n bá jọ kọ Teri Bindiya Re. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo àwọn méjèèjì nìkan níbẹ̀. Ẹ wo bàbá àgbà kan tí òṣèré tó ń jẹ́ David ṣe, ọ̀gbẹ́ni tó gbọ́ orin dáadáa, ó ń gbádùn ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kó tó di pé ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ torí ó ti gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ò gbọ́, pé ìyàwó yìí ju ọkọ lọ, ó sì ti ń bẹ̀rù ibi tọ́rọ̀ máa já sí. Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì pariwo, àmọ́ èmi tí mò ń wò ó ti mọ̀ pé wàhálà ti wọlé. Síìnì yìí nìkan tó kéèyàn wo fíìmù náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Subir wá ń fi dandan lé e pé kí Uma máa kọrin tà. Uma ò béèrè o. Ilé ni obìnrin yẹn fẹ́ jókòó sí ní tiẹ̀, ọkọ ló tì í lọ sítúdíò. Rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà, àwọn tó ń ṣe fíìmù ń wá a wálé, àwọn èèyàn ń yí i ká, ọkọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó bá wọn gbé báàgì wá. Níbẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Òun ló pè é wọ agbo ijó, òun náà ló tún fẹ́ gbé ìlù kúrò níwájú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, ó ń sọ òkò ọ̀rọ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ Chitra ọ̀rẹ́ ẹ̀ obìnrin (Bindu, ẹni tí wọ́n sábà máa ń fún ní ipa obìnrin burúkú, ẹ̀dá gidi ni wọ́n jẹ́ kó jẹ́ níbí, kódà mo káàánú ẹ̀). Uma ní òun ò kọrin mọ́ tórí kílé má tú, ọkọ tún gbà á sí àbùkù. Kí ló wá fẹ́ kó ṣe?

Jaya, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í pariwo rárá nínú fíìmù yìí. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ gún un, á kàn gbé ojú wálẹ̀, á gbé e sókè padà, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀. Filmfare, ìwé ìròyìn fíìmù Índíà, fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèré obìnrin tó dára jù torí fíìmù yìí, ó sì tọ́ sí i. Amitabh náà gbìyànjú o, ẹ rántí pé ọdún yẹn náà ni Zanjeer jáde, níbi tó ti ń lu àwọn ọ̀daràn bolẹ̀, ó wá gbà kí wọ́n fi òun ṣe ọkùnrin tí kò lè fara da àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ìyàwó ẹ̀. Àwọn àkítọ̀ mí-ìn ò ní gbà. Asrani tó ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà dáa, ó máa ń sọ òótọ́ fún un, bọ̀bọ́ ni ò gbọ́.

Orin ńkọ́? S. D. Burman ló ṣe é, Majrooh Sultanpuri ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, kò sí ìkan tí mo fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò. Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá. Nínú irú fíìmù yìí, òṣèré kọ́ ló ń kọrin, olórin mí-ìn ló ń kọ ọ́, òṣèré á kàn máa mi ẹnu sí i. Lata Mangeshkar ló kọ àwọn orin Uma, àmọ́ Subir, Kishore Kumar kọ fún un, Mohammed Rafi kọ fún un, Manhar Udhas náà kọ fún un. Ẹni tétí ẹ̀ bá mú á gbọ́ pé ohùn bọ̀bọ́ ń yí padà láti orin dé orin. Ọkùnrin mẹ́ta gidi pawọ́ pọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin kan, obìnrin kan ṣì borí wọn!

Mo ní inú bí mi, ibi tó ti bí mi rèé (ẹni tí ò bá fẹ́ mọ òpin, kó fo ìpínrọ̀ yìí). Uma padà sílé bàbá ẹ̀ pẹ̀lú oyún, oyún bàjẹ́, ó wá dà bí ẹni tí ẹ̀mí ti kúrò lára ẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún. Gbogbo wọn wá ń wá bó ṣe máa sunkún, kára ẹ̀ lè yá. Ní òpin, Subir dúró níwájú èrò, ó ń kọ Tere Mere Milan, orin tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó máa tanná nínú ọgbà wọn, ọmọ tí wọ́n ti pàdánù, Uma bá bú sẹ́kún, ó bá a kọ ọ́, ó parí. Èmi náà sunkún, n ò ní purọ́. Àmọ́ kí ojú mi tó gbẹ ni mo ti ń bínú. Obìnrin pàdánù ọmọ, ó pàdánù ohùn, orin kan péré ni ọkọ fi san gbèsè ẹ̀? Orin tó sì padà sẹ́nu obìnrin yẹn, orin tí wọ́n jọ kọ ni. Ṣé Uma máa padà sí sítúdíò lóun nìkan? Fíìmù ò débẹ̀ rárá.

Ohun tó wá jẹ́ kó wọ̀ mí lára sí i ni pé Amitabh àti Jaya ṣègbéyàwó gidi ní Oṣù Kẹfà 1973, fíìmù yìí sì jáde lọ́dún kan náà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn iṣẹ́ Jaya ń dín kù ṣáá, ó ṣe Silsila ní 1981, ó di 1998 kó tó padà pẹ̀lú Hazaar Chaurasi Ki Maa. N ò sọ pé ẹnikẹ́ni lé e kúrò nídìí iṣẹ́ o. Ẹni tó bá kàn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á wo ojú Uma lọ́nà mí-ìn ni.

Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un, méjì tó kù, òpin ẹ̀ ló jẹ ẹ́. Bíi wákàtí méjì péré ni, kò gùn bíi fíìmù Índíà tó kù. Ẹ wá èyí tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ orin ẹ̀ náà sí ìsàlẹ̀, torí àwọn ẹ̀dà kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ń tú, tórin bá dé wọ́n á dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ ìdí tí Uma fi ń sunkún níparí.