Orí egungun itan tó ń kú: ká lu ú nihò, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kò lè dúró gún iyán mọ́ nílé wa l'Ádó-Èkìtì. Á gbá odó mú, á gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀, omi á lé rorò sójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan rẹ̀ dáadáa mọ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì wò ó, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba.

Èkíní ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ itan wọlé, kí wọ́n lu ihò dé ibi tó ń kú, kí ìfúnpá inú egungun dínkù, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun ráyè wọlé. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, á fi ọ̀pá abíyá rìn fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Ṣùgbọ́n bí orí egungun bá ti wó, ihò kò lè gbé e dìde mọ́. Ìdí nìyí tí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, fi ṣe pàtàkì, torí àwòrán ẹsiréè lè má tètè fi àrùn náà hàn.

Èkejì ní kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí, níbi tí orí egungun itan ti wọlé, sí irin àti ike. Ìrora á lọ, òótọ́ ni, ó sì lè lò ju ọdún 15 lọ. Àmọ́ ọmọ ọdún 26 ṣì lè padà wá ṣe òmíràn. Egungun alárùn yìí sì máa ń le gbagidi nínú, kòkòrò sì lè tètè wọ ọgbẹ́ rẹ̀.

Orí egungun àbúrò mi ṣì rí roboto nínú àwòrán. Ihò ni mo fara mọ́, kíákíá.