Okomu àbí Old Oyo: Èwo ni kí ará Èkó náwó òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lé?

Bí o bá fẹ́ jáde ní Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nínú àwọn igbó ọba tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, méjì ló bọ́gbọ́n mu: Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àti Old Oyo lókè Òkè-Ògùn. Mi ò ka ọgbà Lẹ́kkí mọ́ wọn. Ìrìn ọ̀sán kan nìyẹn, ilé ẹni lèèyàn ń sùn lálẹ́. Mo ti fi owó ara mi lọ sí méjèèjì. Iye ẹ̀yà ẹyẹ tó wà níbẹ̀, ẹ lè rí i lórí fóònù yín. Ohun tí owó yín máa rà gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ọjà méjèèjì ò jọra. Igbó kìjikìji ni Okomu, ó tó nǹkan bíi 200 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀dàn ni Old Oyo, ó lé ní 2,500. Ẹ má jẹ́ kí títóbi yẹn tàn yín jẹ, nítorí ibi tí ẹ máa sùn ló máa sọ bóyá ẹ rí nǹkan tàbí ẹ ò rí.

Ẹranko kì í dúró de àlejò. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mumi. Bí oòrùn bá ti mú, wọ́n ti wọ abẹ́ ìbòòji. Ẹni tí kò bá sùn sínú igbó tàbí sí ẹnubodè rẹ̀, koríko ló sanwó láti wò.

Ibí yìí ni Old Oyo ti ń gba owó àwọn ará Èkó dànù. Olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ lóòótọ́, ní Ìsọ̀kùn, lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Ṣùgbọ́n igbó ò sí níbẹ̀. Ẹnubodè tí àlejò ń gbà wọlé jù wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ̀yìn Ìṣẹ́yìn, lápá Ṣakí lọ́hùn-ún. Ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìrìnàjò l'Ékòó gba owó lọ́wọ́ èmi àti àwọn ará ilé mi, ó ní inú ọgbà la máa sùn. Òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìgboro Ọ̀yọ́ ló kó wa sí. A jí lóru, a wẹ̀, a múra. Dírẹ́bà ò yọjú àfìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní epo lòun ń wá. Nígbà tí a máa fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, oòrùn ti kan àtàrí. Àánú wa ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa wọlé. Ó fi ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n hàn wá lẹ́bàá odò, bó ṣe tẹ ẹrẹ̀ wọlé, tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Ó fi ibi tí ìmàdò ti tú ilẹ̀ hàn wá. Ọmọ àbúrò mi bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n máa padà wá?” Ó ní, “Tó bá di ìrọ̀lẹ́.” Ìrọ̀lẹ́ yẹn, a ti wà lójú ọ̀nà, à ń padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo béèrè owó mi, èsì tí ọkùnrin náà fún mi ni pé ṣebí Ọ̀yọ́ lòun sọ, Ọ̀yọ́ náà lòun kó wa lọ.

Kì í ṣe pé kò síbi tí wọ́n ń sùn lẹ́bàá igbó. Ó wà, ní Ibuya, lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ béèrè ìlú tí bẹ́ẹ̀dì yín wà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọ́fíìsì ọgbà ni kí ẹ pè fúnra yín: ṣé yàrá wà, ṣé omi wà, ṣé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ta ló máa mú wa wọ igbó ní ìdájí?

Ní Okomu, ẹ ò ní ṣe gbogbo àlàyé yìí. Àwọn ilé tí wọ́n gbé lé orí òpó wà nínú igbó náà gan-an, ẹ̀ṣọ́ ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn, igi ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbìgbò á ti máa fò kọjá lókè, ẹ ó gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Èrò mi lórí ohun tí ẹ máa rí nìyí: erin wà ní Okomu, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí erin lọ. Igbó náà dí. Ọ̀bọ lẹ máa rí, pàápàá èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ilẹ̀ wa yìí ló kù sí jù láyé. Ilé orí igi wà níbẹ̀ tó ga ju 40 mítà lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹni tí ojú ń kọ́ kó dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gòkè, orí àràbà àti ìrókò ni yóò máa wò sísàlẹ̀. Ní Old Oyo, tí ẹ bá jí síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa rí ẹranko ilẹ̀ ju ti Okomu lọ. Lásìkò òjò, koríko ga ju èèyàn lọ, owó yín wọgbó.

Ọ̀nà: Old Oyo ló borí, nítorí títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ti dáa. Ti Okomu jìnnà, ó lé ní 300 kìlómítà dé Bìní, ó sì ku bíi 60 síi, ẹ ó gba Iguobazuwa àti Udo kọjá, kí ẹ tó wọ ọ̀nà eléruku láàárín oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ. Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ń kanlẹ̀ máa rì síbẹ̀. Ẹ má rin ọ̀nà kankan nínú méjèèjì lóru.

Ààbò: àwọn ajínigbé ti yọ Òkè-Ògùn lẹ́nu. Ẹ pe ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ fún Okomu náà.

Oúnjẹ: ẹ gbé tiyín dání. Wàrà Òkè-Ògùn ò lẹ́gbẹ́.

Ìtàn: Okomu ò lè dá a láṣà. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó Old Oyo, ìlú tí Clapperton, òyìnbó arìnrìnàjò, dé lọ́dún 1826, kí àwọn ará ibẹ̀ tó sá kúrò ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ọmọ Yorùbá tó bá lè débẹ̀, kó lọ. Ṣùgbọ́n apá àríwá igbó náà pátápátá ni ahoro yẹn wà, ó gba jíìpù tó lágbára, òpin ọ̀sẹ̀ kan ò tó o.

Ìdájọ́ mi: ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, lóṣù Kejì, tí ọ́fíìsì sì ní kó máa bọ̀, Old Oyo ni kó lọ, kó sùn sí Ibuya. Ẹni tó jẹ́ Jímọ̀ sí Sọ́ńdè ló ní, pẹ̀lú ọmọ àti ìyàwó nínú ọkọ̀, kó gba Orè, kó kọrí sí Okomu láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Kó mú bàtà òjò dání nítorí ìjàlọ, kó sì sanwó òru méjì, nítorí òru kan ò tó kára balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà yẹn.