Fáànù oníbátìrì: ti olóòjé ni àbí ti lítíọ́mù?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra fáànù oníbátìrì lásìkò ooru yìí, ẹ má tíì wo rẹdíò àti gílóòbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bi ọlọ́jà pé irú bátìrì wo ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ní "orijínà ni", kò tíì dá yín lóhùn o.

Bátìrì olóòjé dà bíi ti mọ́tò, wọ́n kàn dì í pa ni. Ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Lítíọ́mù fúyẹ́, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ní ti atẹ́gùn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ebi ló wà ńbẹ̀. Olóòjé fẹ́ yó nígbà gbogbo, kó tó yó dáadáa sì lè gba wákàtí mẹ́wàá. Ta ni NEPA ń fún ní wákàtí mẹ́wàá gbáko nínú wa? Bí ẹ bá lò ó gbẹ tí ẹ sì pa á tì, nǹkan funfun kan á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, á le koko, kò sì ní gba iná mọ́.

Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún Kérésì kan, a lo tiwa títí ó fi dákẹ́, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a sì gba ìlú lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a dé, mo kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí iná aláwọ̀ ewé tàn pé ó ti kún. Inú mi dùn! NEPA múná lọ, fáànù yí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń wọ́, ó ń wọ́, ó dúró. Oníṣẹ́ tó tú u fi gílóòbù mọ́tò kàn án: gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná, ó kú. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ti wú. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé wàráńtì ò kan bátìrì. Kí ló wá kàn, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀?

Lítíọ́mù ò bìkítà bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní ìdajì. Kódà, ìdajì tù ú lára. Irú tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára lè gba iná ju ìgbà 2000 lọ. Olóòjé tí ẹ ń lò gbẹ lójoojúmọ́ kì í sábà ju 300 lọ. Bó bá jẹ́ lítíọ́mù róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650 ni, èyí tó tóbi ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀, tí wọ́n sì kọ 9900mAh sí i (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó lè gbà ti pọ̀ tó), ayédèrú ni. Gidi rẹ̀ kì í sábà kọjá 3500.

Kí n má parọ́ mọ́ olóòjé: ó rọrùn láti rí rà, ẹni tó ní sólà tó ń bọ́ ọ yó lójoojúmọ́ lè rà á. Ẹ má sáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki lítíọ́mù sínú fáànù olóòjé láìwo ṣájà rẹ̀.

Tiwa di lítíọ́mù, ọdún kẹta rèé. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ḿ bátìrì ló gbé olóòjé yẹn lọ. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n sanwó fún.