Ọmọ Méjì, Ètò Méjì: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nínú AP àti IB

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé-ìwé ọmọkùnrin mi ní Houston kọ̀wé sí mi pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí yóò ṣe ìdánwò AP (Advanced Placement, ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí ọmọ ilé-ìwé girama ń kà ní Amẹ́ríkà), àti pé gbèdéke ti kọjá. Bí mo bá ṣì fẹ́ kí ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń kà, kí n san ìtanràn dọ́là 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ mo ti san dọ́là 96 lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹwàá, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá mi ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò gbójú sókè wò mí. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kò sí, ó tún un tẹ̀, ó tún ní kò sí. Mo na rìsíìtì sí i, ó ní òun kò nílò rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró (mo wo aago) kí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó bi mí pé èwo gan-an ni orúkọ ìdílé wa. Àṣé orúkọ àbísọ ọmọ mi ni wọ́n fi sí ipò orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá yẹn ló tún un ṣe, ó fagi lé ìtanràn dọ́là 120 náà, ó sì bẹ̀ mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò tíì bẹ̀ mí di òní.

Ní ti ẹ̀kọ́ AP fúnra rẹ̀, ẹjọ́ mi kò pọ̀. Iṣẹ́ tó bá wu ọmọ ni yóò mú, yóò ṣe ìdánwò ní oṣù karùn-ún, èsì yóò sì wà láàárín 1 sí 5. Ọmọ mi gba 5 kan àti 4 méjì, yunifásítì ìjọba tó wọ̀ sì fún un ní kírẹ́dítì (ìwọ̀n ẹ̀kọ́ yunifásítì tí a kà sí pé ó ti ṣe) lórí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí òfin Texas ni pé kí wọ́n gba 3 sókè, àyàfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé láti oṣù kẹta, ìbéèrè àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe ní kíláàsì.

Ìbínú ọjọ́ ọ́fíìsì yẹn ni mo fi mú àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ìwé mìíràn fún IB (International Baccalaureate, ètò díplómà àgbáyé fún ọmọ ilé-ìwé girama) ní 2022. Ọdún méjì, iṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn ní ipele gíga, pẹ̀lú CAS (iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́), TOK (ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń mọ ohun tí a mọ̀) àti àròkọ ìwádìí tí ó lè gùn tó ọ̀rọ̀ 4,000. Ọmọ náà kò sùn. Mo bá a lórí tábìlì ilé ìdáná ní aago méjì òru, ó ti sùn lé ìwé lórí, díẹ̀ ló kù kí n yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà.

Àròkọ yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Ìtàn aṣọ òkè Ìsẹ́yìn ló kọ. Ní àárọ̀ Sátidé, yóò pe ìyá mi lórí fóònù, yóò máa bi í bí wọ́n ṣe ń rí okùn sányán lára ìtẹ́ kòkòrò, àti ohun tó ya ẹtù sọ́tọ̀ sí àlàárì. Màmá tí kì í sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kì í fẹ́ kí a pa fóònù. Olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, òyìnbó ni, kò mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó dá ìwé náà padà pé kí ó fi gbogbo àmì sórí orúkọ aṣọ, kí ẹni tó bá kà á lè pè é bó ti yẹ. Èmi tí mo bí i kò fi àmì sórí orúkọ rẹ̀ rí nínú fọ́ọ̀mù kankan.

Ó gba 33 nínú 45, nígbà tó jẹ́ pé 24 ni wọ́n fi ń gba díplómà. Òfin Texas tún ní kí yunifásítì ìjọba fún irú wọn ní kírẹ́dítì 24 ó kéré tán, bí kò bá ti sí ìdánwò tí wọ́n gba ohun tó rẹlẹ̀ sí 4 nínú rẹ̀. Èyí fi púpọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Máàkì mi: IB, 3 nínú 5, AP, 4 nínú 5. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè. Àbíkẹ́yìn mi, AP ni mo forúkọ rẹ̀ sí ní ọ́fíìsì yẹn kan náà, mo sì ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà kí n tó kúrò níwájú gíláàsì.