Ìkìlọ̀: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà yín wọ yàrá ẹ̀yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ilé yín ti pẹ́, tó ń falẹ̀, tó ń hang, tí ẹ sì ń múra láti gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkejà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná kí ẹ tó jáde nílé. Wọ́n gba ₦95,000 lọ́wọ́ mi. Wọ́n yọ RAM kan, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ta SSD àlòkù, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá ju hard disk lọ, fún mi ní owó tuntun, wọ́n sì mú hard disk tí fọ́tò ìdílé wa wà lórí rẹ̀ lọ. Àìsàn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an, wọn ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, owó tó wo àìsàn ọ̀hún sàn ò tó ₦4,000.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, tòkunbọ̀, mo rà á lọ́dún 2016. Ṣómólú là ń gbé. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìkómọjáde fún àwọn èèyàn, òun náà làwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀ fún JAMB. RAM inú rẹ̀ jẹ́ 8GB, 4GB méjì ni. Ó dá mi lójú, torí ó wà nínú rìsíìtì tí wọ́n kọ fún mi nígbà tí mo rà á, rìsíìtì ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ mi di òní.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Tí mo bá tan án láàárọ̀, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ á máa fà kó tó jáde lójú screen. Láìpẹ́, gbogbo rẹ̀ á dì gbagidi, máòsì ò ní í lọ, kò ní í bọ̀, àfi kí n fi bọ́tìnnì pa á. Tí mo bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kíá ló máa dì padà. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí kan tàbí méjì, tí wọ́n wá dá a padà, á tún máa ṣiṣẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Mo tú CPU, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà náà, kúrò lára screen, mo kó o sínú báàgì Ghana-must-go, mo wọ danfo ní Onípanu dé Maryland, mo tún wọ òmíràn dé Ìkejà. Mi ò tíì dé Ọ̀tígbà, òpópónà kan ní Computer Village, tán tí ọmọkùnrin kan ti dì mọ́ mi. "Dádì, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ fẹ́ tún un ṣe ni? Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, ọ̀gá mi wà lókè ibẹ̀ yẹn." Kí n tó dá a lóhùn, báàgì ti wà léjìká rẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá pàdé yín lójú títì níbẹ̀, tó fẹ́ gba ẹrù yín, ẹ di ẹrù yín mú. Ẹ ti mọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kúrò nílé, kó jẹ́ èyí tí ẹni tí ẹ mọ̀ ti lò rí.

Yàrá kótópó kan ni, lórí àtẹ̀gùn kejì. Ọ̀gá náà tan kọ̀ǹpútà, ó wò ó bí ìṣẹ́jú méjì, ó mi orí. "Motherboard ti jó lápá kan. Hard disk ti kú. Ọlọ́run ló yọ yín, Bàbá, tí ẹ bá pẹ́ sí i ni, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ." Ó pe ₦170,000. A ná an títí ó fi dé ₦95,000: ₦60,000 fún SSD tuntun 512GB, ₦35,000 fún iṣẹ́ motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ tó jáde lórí fóònù mi kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ti ọ̀gá. Mo béèrè. Wọ́n ní ti àbúrò rẹ̀ ni, pé báǹkì tàwọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo fi ránṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn ẹnjiníà wà níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà wọlé, kí n jókòó kí n mu pure water. Mo jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Nígbà tó jáde, wọ́n tan án fún mi, ó sì yá bí àṣá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi hàn mí. Mo béèrè hard disk àtijọ́. Ọ̀gá ní ó ti kú, àwọn ti dà á nù, kí ni mo fẹ́ fi òkú ṣe? Mo ní fọ́tò wa wà níbẹ̀. Ó ní kò sóhun tó lè jáde níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, hard disk tó ní ó ti kú yẹn ló gbé Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà náà dìde lójú èmi àti òun ní wákàtí méjì sẹ́yìn! Mi ò rò ó débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin, ẹ máa rò ó.

Iná ò sí fún ọjọ́ méjì nígbà tí mo délé. Ọjọ́ kẹta tí iná dé, mo tan án, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsìnkú kan tó yẹ kó jáde lọ́la rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, fáànù pariwo, ó dì gbagidi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ó wá lọ́jọ́ Sunday. Kò tíì tú nǹkan kan tó fi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ CPU, ó ní, "Dádì, ẹ fọwọ́ kàn án wò." Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager, ojú ewé tí kọ̀ǹpútà ti ń fi iṣẹ́ tó ń ṣe hàn, ṣí, ó lọ sí Performance, ó tẹ Memory. 4GB. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Slots used: 1 of 2. Ó gbé app kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CrystalDiskInfo sí i, ọ̀fẹ́ ni, èyí tó máa ń ka ìtàn ìgbésí ayé hard disk àti SSD. Níbi Power On Hours, 21,344 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé SSD "tuntun" mi ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 21,344 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ pín in sí wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ 889 ni, láìsinmi.

Ó wá tú ìdérí rẹ̀. Eruku tó wà lórí motherboard nípọn bí aṣọ òfì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Motherboard tí wọ́n gba ₦35,000 láti tún ṣe, kò sí àmì ìka kan ṣoṣo lórí eruku rẹ̀. Ibi tó mọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ò ju méjì lọ: ibi tí hard disk wà tẹ́lẹ̀, àti ihò RAM kejì, tó ṣófo, tó mọ́ fíníní láàárín eruku bí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín. Mo dúró, mo ń wo ihò yẹn. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń gbóná tó bá ń ṣiṣẹ́. Irin kan wà lórí rẹ̀ tó ń fa ooru náà, fáànù sì ń fẹ́ ooru ọ̀hún dànù. Láàárín processor àti irin yẹn ni wọ́n máa ń fi nǹkan bí òróró líle kan sí, thermal paste, kí ooru lè ráyè kọjá. Bí ọdún bá gorí ọdún, paste náà á gbẹ, tèmi ti dà bí ẹfun. Eruku náà á sì dí ojú irin pa. Ooru ò rí ọ̀nà lọ mọ́. Tí processor bá rí i pé òun fẹ́ gbóná kọjá àlà, òun fúnra rẹ̀ á dẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó má bàa jó, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀. Tí ooru bá ṣì ń gòkè, ó lè dì tàbí kó pa ara rẹ̀. Tó bá tutù, ara rẹ̀ á yá. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú márùn-ún inú ṣọ́ọ̀bù ò fi hàn mí ní nǹkan kan.

Ọmọ náà gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìka di apá fáànù mú kó má yí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku. Ó fi òwú àti spirit nu paste àtijọ́ kúrò, ó kán tuntun bí ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín, ó dè é padà. Paste àti búrọ́ọ̀ṣì, ₦3,500. A tan án láti aago méjì ọ̀sán títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò dì.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn o: SSD kì í ṣe ayédèrú ìwòsàn. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń falẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tan án, tí Task Manager ń fi 100% hàn níbi Disk láìsọ̀kalẹ̀, tàbí tí hard disk ń dún kọ́, kọ́, kọ́, hard disk ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, SSD á sì mú ayọ̀ wá. Ẹ tètè kó àwọn fáìlì yín kúrò lórí rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Memory ló kún dẹ́nu nígbàkígbà tí ẹ ṣí Chrome, RAM ni. Tó bá jẹ́ pé títàn rẹ̀ nìkan ló ń pẹ́, ẹ wo Startup nínú Task Manager kan náà, ẹ pa àwọn app tí ẹ ò nílò kó máa ṣí fúnra rẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tó bá sì ń dúró kó gbóná kó tó dì, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ wo èyí nílé kí ẹ tó gbé nǹkan kan lọ ibì kankan, torí oníṣẹ́ jìbìtì fẹ́ràn ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ẹrù rẹ̀.

Tó bá sì di pé ẹ gbọ́dọ̀ lọ, ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé Memory àti ti Disk. Ẹ tú ìdérí, ẹ ya inú rẹ̀ náà. Ìyàwó mi ló mú ìmọ̀ràn tó dára jù lọ wá: ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná kán àmì kékeré sára RAM àti hard disk, ibi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà yín. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní ẹ ò lè wo iṣẹ́, ẹ gbé ẹrù yín, ẹ máa lọ, ọ̀pọ̀ ló wà ní Ọ̀tígbà àti Ọlá Ayẹ̀ní tí wọ́n ń tú u lójú oníbàárà láìbínú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, ó ń bá yín lọ sílé, ì báà jẹ́ òkú. Nípa SSD, ẹ ní kí wọ́n já páálí rẹ̀ lójú yín, ẹ sì wo Power On Hours, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń dá òǹkà náà padà sí òdo.

Wọ́n tún ń fi Windows 10 dẹ́rù ba èèyàn báyìí. Lóòótọ́, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní October 14, 2025, àìsí ìtọ́jú sì léwu bí ẹ bá ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà yín ń hang nítorí ìyẹn, irọ́ ló ń pa.

Mo padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Tuesday, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní bóyá àwa la yọ RAM wa. Nígbà tí àwọn àgbà ọjà dá sí i, wọ́n dá ₦30,000 padà. Ìyókù, mo ti kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbèjà ẹni tó ń rajà. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 sì sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Rìsíìtì tí wọ́n kọ "new SSD" sí wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin náà ẹ rí i pé wọ́n kọ irú rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí ẹ̀yin tí ẹ ń ra hard disk àlòkù ní Ìkejà. Tèmi, 500GB ni. Ìwé ìbí àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀, NIN wa wà níbẹ̀, fódà kan sì wà tí a pè ní MAMA 70. Ọjọ́ ìbí màmá mi ni, ọdún kejì rẹ̀ ni màmá lọ, a ò sì ní fọ́tò ọjọ́ yẹn níbòmíràn. Tí ẹ bá ra hard disk kan, tí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ rí MAMA 70 níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí mi. Màá san iye tí ẹ rà á, màá sì ra tuntun fún yín dípò rẹ̀.